Bíréèkì Kì Í Ṣàdédé Já

Bí ọkọ̀ akẹ́rù bá ya wọ inú ọjà, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n máa ń sọ lórí rédíò lọ́jọ́ kejì: ìjánu ọkọ̀ náà ló já. Wọ́n á sọ ọ́ bí ẹni pé ìjánu ọ̀hún jí láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó sì ní òun ò ṣe mọ́. Àwọn kan á ní ọwọ́ ayé ni. Àwọn mìíràn á ní ojú ibẹ̀ le, pé ó ń fẹ́ ètùtù. N kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí Ògún o. Ọmọ onímọ́tò ni mí, láti kékeré ni mo ti ń bá wọn jẹ, tí mo ń bá wọn mu lọ́dún Ògún ní ibùdó mẹkáníìkì. Ṣùgbọ́n mo ti dúró ti ọkọ̀ tí wọ́n tú ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ débi pé mo lè fọwọ́ sọ̀yà: bíréèkì kì í ṣàdédé já. Ó máa ń ké. Ó máa ń fa ọkọ̀ sí apá kan. Ó máa ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ dírẹ́bà wọlẹ̀ ju ti àná lọ. Ó máa ń rùn. Gbogbo èyí, owó ló ń béèrè, ìdí nìyẹn tí a fi máa ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ọkọ̀ tí mò ń wí yìí, Mercedes 911 ni, tí gbogbo wa ń pè ní nain-wan-wan. Bàbá mi ló fi ń kó pákó láti agbègbè Oǹdó wá sí ọjà pákó Bódìjà n'Ìbàdàn. Nígbà tí ojú wọn ò gbé ìrìn òru mọ́, wọ́n kó ìwé ọkọ̀ lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní kí n máa bójú tó o. Dírẹ́bà ló ń wà á, èmi ni mò ń sanwó. Nọ́ńbà tí àwọn ará Jámánì kọ sí i lára ní ìtumọ̀: 9 iwájú yẹn ni iye tọ́ọ̀nù tí ọkọ̀ àti ẹrù gbọ́dọ̀ wọ̀n pa pọ̀, 11 ẹ̀yìn sì ń tọ́ka sí agbára ẹ́ńjìnnì, agbára ẹṣin 110. Ẹ tún un kà: tọ́ọ̀nù 9, àtọkọ̀ àtẹrù. Ẹ wá lọ dúró sí Bódìjà lọ́jọ́ tí pákó tútù bá wọlé, kí ẹ wo bí ìdí ọkọ̀ ṣe ń wọ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń ka nọ́ńbà.

Drọ́ọ̀mù ló wà ní ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ọkọ̀ yìí. Irin rìbìtì tó ṣófo nínú ni, òun àti táyà ló jọ ń yí. Ṣúù méjì, irin tó tẹ̀ bí ọrun, ló wà nínú drọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan, wọn kì í yí, ojú kan ni wọ́n wà. Ẹ̀yìn ṣúù wọ̀nyí ni wọ́n kan láínì mọ́, ìyẹn awẹ́ tó ń fara gbo drọ́ọ̀mù, tó sì ń jẹ díẹ̀díẹ̀. Bí dírẹ́bà bá tẹ bíréèkì, ọ́ìlì á ti ṣúù méjèèjì síta, láínì á gbá drọ́ọ̀mù mú láti inú. Ohun tó máa ń dùn mọ́ mi nínú rẹ̀ ni pé àwọn ṣúù méjèèjì kì í ṣe iṣẹ́ bákan náà. Ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ọ̀kan wà tí yíyí drọ́ọ̀mù máa ń wọ́ mọ́ra: bó bá ti fara kàn án báyìí, drọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀ á tún fà á wọlé si, agbára rẹ̀ á pọ̀ ju èyí tí dírẹ́bà fi ẹsẹ̀ tẹ̀ lọ. Èkejì, ńṣe ni drọ́ọ̀mù ń tì í kúrò lára. Ìyẹn ló ń jẹ́ kí láínì kan jẹ tán nígbà tí ìkejì rẹ̀ ṣì nípọn. Bí ẹ bá rí mẹkáníìkì tó ń pààrọ̀ ipò wọn kí wọ́n lè jẹ dọ́gba, ẹ tètè gbé ọkọ̀ yín kúrò níbẹ̀.

Eré tí ọkọ̀ ń sá, ooru ló ń dà bí ẹ bá tẹ bíréèkì. Kò síbòmíràn tó ń lọ. Ẹ sáré 80 dípò 40, ooru tí láínì máa gbé mì kò ní di ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ni. Ẹ wá fojú inú wo ọkọ̀ tó ru pákó kọjá ìwọ̀n, tó ń sọ̀ kalẹ̀ ní ìdagẹ̀rẹ́ gígùn, tí dírẹ́bà ò gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréèkì. Drọ́ọ̀mù á gbóná, á máa fẹ̀ síta. Bó ṣe ń fẹ̀ ló ń sá fún láínì, ẹsẹ̀ dírẹ́bà á sì máa wọlẹ̀ si kó tó bá a. Oje tó so láínì pọ̀ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í jó, ojú rẹ̀ á máa yọ̀. Kò sí páìpù tó bẹ́ níbẹ̀. Kò sí irin tó kán. Bí ẹ bá tú ọkọ̀ yẹn wò ní ọ̀la nígbà tí gbogbo rẹ̀ ti tutù, bíréèkì á tún mú. Àmọ́ ní ìṣẹ́jú tí wọ́n nílò rẹ̀, kò mú.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2021, ọkọ̀ akẹ́rù kan tí bíréèkì rẹ̀ kò mú já wọ àwọn ṣọ́ọ̀bù tó wà níwájú yunifásítì tó wà ní Àkùngbá Àkókó. Ó pa èèyàn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà nínú wọn. Ẹni tó bá mọ ilẹ̀ Àkókó mọ bí òkè àti àpáta ṣe pọ̀ tó níbẹ̀. N kò mọ bí inú drọ́ọ̀mù ọkọ̀ yẹn ṣe rí, nítorí náà n kò ní sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ ju báyìí lọ. Mo kàn mọ̀ pé láti ìgbà náà, mi ò lè gbọ́ kí dírẹ́bà sọ pé “ó ṣì máa gbé wa dé Bódìjà” kí ara mi má bù máṣọ.

Àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1988, máa ń dá ọkọ̀ wa dúró. Wọ́n á wo táyà, wọ́n á ní ká tan iná, wọ́n á béèrè ìwé. N kò bú wọn. Láínì kò sí níbi tí ojú lè dé láti ẹ̀gbẹ́ títì. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bó ṣe rí gbọ́dọ̀ wá jáàkì, kó tú táyà, kó fi òòlù lu drọ́ọ̀mù títí tó fi máa jáde. Olówó ọkọ̀ nìkan ló lè pinnu pé kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ kí ọ̀ràn tó dé, olówó ọkọ̀ yẹn gan-an sì ni ọjọ́ kan tí ọkọ̀ ò bá ṣiṣẹ́ ń dùn jù.

Bàbá oníláínì tí mò ń lọ bá wà ní ìtòsí Gate n'Ìbàdàn, kò jìnnà sí ọjà àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní Àràròmí. Ìsọ̀ wọn ò tóbi. Ásùlù ọkọ̀ ńlá kan ni wọ́n rì mọ́ inú kùkùté igi, òun ni wọ́n fi ṣe owú. Òòlù mẹ́ta wà nílẹ̀, pọ́ǹṣì oríṣiríṣi, díríìlì kan, àti agolo mílíìkì tí rífẹ́ẹ̀tì, ìṣó tí wọ́n fi ń kan láínì mọ́ ṣúù, kún inú rẹ̀. Ṣúù àtijọ́ jọ gègèrè lábẹ́ tábìlì, ti Bedford, ti Leyland, ti ọkọ̀ tí àwọn tó ni wọ́n ti kú. Wọn kì í ju irin ṣúù nù. Èmi náà ò ní jù ú nù, ibi tí ọ̀pọ̀ onímọ́tò ti máa ń bá mi jiyàn nìyẹn.

Wọ́n máa ń ní kí ni mo ń fi láínì tuntun kan irin àtijọ́ fún nígbà tí ṣúù tuntun wà nínú páálí, tí láínì ti wà lára rẹ̀, tí mẹkáníìkì kàn máa gbé sí i. Mo ti rà á rí, ní ìsọ̀ kan tí n kò ní dárúkọ. Páálí náà dára, nọ́ńbà wà lára rẹ̀, ọ̀dà dúdú ń dán lára irin. Nígbà tí wọ́n tún tú ẹsẹ̀ ọkọ̀, láínì ọ̀kan ti là sí méjì láti ojú ihò rífẹ́ẹ̀tì, irin ọ̀kan sì ti tẹ̀ tó fi jẹ́ pé etí kan nìkan ló ń kan drọ́ọ̀mù. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀. Ṣúù tó bá ọkọ̀ yìí wá láti Jámánì nípọn, kò tíì tẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe òun ló ń jẹ. Láínì ló ń jẹ. Kí ló dé tí màá fi sọ ohun tó dára nù nítorí ohun tó ti gbó lára rẹ̀?

Kí wọ́n má baà ní mò ń polówó ohun tí kò tọ́: èyí kò kan gbogbo ẹni tó ń kan láínì lẹ́bàá títì. Àwọn kan wà tí wọ́n máa ń fi ṣísù gé orí rífẹ́ẹ̀tì àtijọ́, wọ́n á lù ú gbàgà-gbàgà títí tí ihò ara irin á fi fẹ̀. Rífẹ́ẹ̀tì tuntun tó bá wọ inú ihò tó ti fẹ̀, ṣe ló máa ń mì. Bàbá ò gbà kí ṣísù kan irin wọn. Díríìlì ni wọ́n fi ń yọ rífẹ́ẹ̀tì láti ẹ̀yìn, ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú sùúrù. Lẹ́yìn náà, wọ́n á fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ ojú irin náà títí tí kò fi ní sí ìpẹ́pẹ́ ìdọ̀tí kankan. Ìpẹtà tó bá kù sábẹ́ láínì á máa wú díẹ̀díẹ̀, á sì ti láínì títí á fi sán.

Bí wọ́n ṣe ń kàn án ni mo ní kí n sọ. Mo ti rí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, kò sì sú mi rí. Wọ́n á gbé láínì lé ẹ̀yìn ṣúù, wọ́n á wo ihò sí ihò, wọ́n á fi kíláǹpù di ààrin rẹ̀ gírígírí. Idẹ ni rífẹ́ẹ̀tì wọn. Ó rọ̀ ju drọ́ọ̀mù lọ, nítorí náà bí láínì bá jẹ dé ibi tí orí rífẹ́ẹ̀tì wà, kò ní tètè fa ojú drọ́ọ̀mù ya. Orí rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wọnú láínì lọ jìnnà, kó fi àyè tó pọ̀ sílẹ̀ fún jíjẹ. Ààrin ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á kan méjì ní ààrin, wọ́n á bọ́ sí apá ọ̀tún, wọ́n á bọ́ sí apá òsì, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á máa ṣe lọ títí dé etí. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti etí kan lọ sí èkejì á fi ikùn sílẹ̀ fún láínì ní ààrin, á wú kúrò lára irin, ooru ò ní ríbi gbà. Ìdí rífẹ́ẹ̀tì náà ṣófo nínú. Bí pọ́ǹṣì bá ti bà á, á là yíká, á ká padà sẹ́yìn, á dì mọ́ irin.

Nígbà tí wọ́n bá parí, wọ́n á fi ìka kan ṣoṣo gbé ṣúù náà rọ̀, wọ́n á fi òòlù kékeré kàn án láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ibi tó dì dáadáa á dún kín-ín. Ibi tí àyè wà lábẹ́ rẹ̀ á dún pàkà. Wọ́n á sì mú bíléèdì, wọ́n á gbìyànjú láti tì í bọ àárín láínì àti irin ní etí gbogbo. Bó bá wọlé níbì kankan, wọ́n á tú gbogbo rẹ̀ pátá. Ọmọṣẹ́ wọn kan ṣẹ̀ṣẹ̀ kan ti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn òsì lọ́jọ́ kan tí mo wà níbẹ̀, ó dún pàkà ní ojú ibi kan péré. Ọmọ náà ní, “Bàbá, kékeré ni, ó máa jókòó tó bá ti gbóná.” Wọn ò tilẹ̀ wò ó lójú. Wọ́n na díríìlì sí i.

Gbogbo ohun tí mò ń sọ yìí kò ju ọgọ́fà ọdún àti díẹ̀ lọ láyé. Ará Faransé kan, Louis Renault, ló gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí bíréèkì drọ́ọ̀mù ní 1902. Èyí tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ni ti láínì. Ní ìlú Òyìnbó, ní agbègbè olókè kan ní Derbyshire, àwọn tó ń fi ẹṣin fa kẹ̀kẹ́ ẹrù máa ń fi bàtà ògbólógbòó bọ igi ìjánu wọn kí kẹ̀kẹ́ lè dúró ní ìdagẹ̀rẹ́. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Herbert Frood rí wọn, ó ní ó yẹ kí ohun tó sàn ju bàtà lọ wà. Láti 1897 ló ti ń ṣe é, aṣọ híhun tí wọ́n rẹ sínú oje ló fi bẹ̀rẹ̀. Ó tú lẹ́tà orúkọ ara rẹ̀ pọ̀, ó fi E kan kún un, ó di Ferodo, orúkọ tí gbogbo oníláínì ní Gate mọ̀ dunjú. Nígbà tí mo sọ ìtàn yìí fún bàbá mi, wọ́n ní àwọn kò rí ohun tuntun níbẹ̀: mọ́tò-bọ́ì àwọn máa ń sáré tẹ̀ lé ọkọ̀ lẹ́yìn bó bá ń gun òkè, pẹ̀lú wẹ́ẹ̀jì igi léjìká, ẹ́ńjìnnì kú pẹ́nrẹ́n, wẹ́ẹ̀jì ti wà lẹ́yìn táyà. Ọmọ tí kò bá yára, wọn kì í gbà á síṣẹ́.

Lẹ́yìn aṣọ, asbestos, òkúta onífọ́nrán kan, ló gba ipò. Ó ń gba ooru dáadáa, kò wọ́n, ó sì ń pààyàn. Eruku rẹ̀ tí èèyàn fà símú lónìí lè dákẹ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró fún ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún, ogójì ọdún pàápàá, kó tó di jẹjẹrẹ. Ìjọba Bìrìtìkó fi òfin de èyí tó kù nínú rẹ̀ ní 1999, Amẹ́ríkà náà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òfin de èyí tí wọ́n ṣì ń lò ní oṣù kẹta 2024. Lọ́jà tiwa, ọ̀pọ̀ páálí láínì tí mo ti gbé wò kò kọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ wá lọ sí ibùdó mẹkáníìkì èyíkéyìí kí ẹ wo ohun tí ọmọṣẹ́ máa kọ́kọ́ ṣe bí drọ́ọ̀mù bá jáde: á fẹnu fẹ́ eruku dúdú yẹn, fùù, sí ojú ara rẹ̀ àti ojú ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èyí tó bá ní kọ̀ǹpùrẹ́sọ̀ ló burú jù, nítorí gbogbo àdúgbò ló máa pín nínú rẹ̀. Omi ọṣẹ ni Bàbá máa ń dà sí i, wọ́n á fi àkísà tútù nù ún, wọ́n á sì ju àkísà náà nù. Mo ti ní kí ẹni tó ń tú ọkọ̀ mi máa ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ń ṣe é bí mo bá wà níbẹ̀.

Láínì nìkan ò tó. Drọ́ọ̀mù ni ọ̀pọ̀ wa máa ń fojú fò. Bí láínì bá ti jẹ ẹ́ títí, ojú rẹ̀ á ní ìlà, etí rẹ̀ á ga, á di ọ̀gbun. Láínì tuntun tó bá bọ́ sínú irú rẹ̀, orí àwọn ìlà yẹn nìkan ló máa dúró lé. Ilé ẹni tó ní léètì, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fá irin, ni wọ́n ń gbé e lọ kí wọ́n fá a kó tún tẹ́jú. Àmọ́ fífá náà ní òpin. Lára ọ̀pọ̀ drọ́ọ̀mù, wọ́n kọ ìwọ̀n fífẹ̀ tí kò gbọ́dọ̀ kọjá sí i, tí ẹ bá fi nǹkan ha ìpẹtà kúrò ẹ máa rí i. Bó bá ti kọjá ìwọ̀n yẹn, ara rẹ̀ ti fẹ́lẹ́ jù láti gba ooru, ó sì lè là. Àwọn ẹlẹ́ẹ̀tì kan wà tí wọ́n á fá a fún yín bó ti wù kó tín-ín-rín tó, owó ni wọ́n ń wò.

Ohun kan wà tí Bàbá máa ń ṣe tí n kò tíì rí lọ́wọ́ ẹlòmíràn níbẹ̀. Wọ́n á fi ṣọ́ọ̀kì kun inú drọ́ọ̀mù tí wọ́n ti fá, wọ́n á gbé ṣúù tuntun sínú rẹ̀, wọ́n á yí i síwá sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á yọ ọ́. Ibi tí funfun bá wà lára láínì ni ibi tó fara kan drọ́ọ̀mù. Drọ́ọ̀mù tí wọ́n ti fá ti fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí náà ààrin láínì nìkan ló máa ń funfun ní ìgbà àkọ́kọ́. Wọ́n á ha ibi tó funfun náà, wọ́n á tún kun ṣọ́ọ̀kì, wọ́n á tún wò ó, títí tí funfun á fi tàn káàkiri. Ìyà ló ń jẹ apá. Mo bi wọ́n léèrè bóyá ó pọn dandan, ó ṣe tán láínì á fúnra rẹ̀ jẹ dọ́gba bó bá yá. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, kó tó jẹ dọ́gba, ta ló máa wà nínú ọkọ̀?”

Àwọn ohun tó kù, màá yára sọ wọ́n. Láínì tí ọ́ìlì síìlì ti tú dà sí, ẹ jù ú nù. Mo mọ̀ pé wọ́n máa ń da bẹntiróò sí i kí wọ́n tiná bọ̀ ọ́, pé ọ́ìlì á jó kúrò. Ọ́ìlì tó ti wọ inú rẹ̀ á tún jáde bó bá ti gbóná lójú títì. Ẹ wá ibi tó ti ń jò, kí ẹ sì pààrọ̀ láínì ẹsẹ̀ ọ̀tún àti tòsì pa pọ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ á máa ya sí ẹ̀gbẹ́ kan. Èyí tó máa ń bí mi nínú jù lọ ni ti àwọn tó máa ń lọ́ páìpù ẹsẹ̀ kan pa nígbà tí sílíńdà rẹ̀, ibi tí ọ́ìlì ti ń ti ṣúù, bá ń jò, kí ọkọ̀ lè kúrò nílé wọn lọ́jọ́ náà. Wọn á ní kí ẹ padà wá. Dírẹ́bà á gbàgbé, ọkọ̀ á máa fi ẹsẹ̀ mẹ́ta dúró fún oṣù gbáko, òun àti tọ́ọ̀nù pákó. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Dídá a padà kò pẹ́. Sípíríǹgì bọ́ sí àyè rẹ̀, drọ́ọ̀mù wọlé, wọ́n fún un títí tí láínì fi ń ha díẹ̀, wọ́n dẹ ẹ́ sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á lé afẹ́fẹ́ inú páìpù jáde, igbe á sì sọ: “Tẹ̀ ẹ́! Tẹ̀ ẹ́! Dì í mú!” Afẹ́fẹ́ á máa yọ pútú-pútú nínú ọ́ìlì títí tó fi máa ṣàn gaara. Ìrìn àkọ́kọ́, n kì í jẹ́ kí wọ́n kó ju ìdajì ẹrù lọ, kí láínì lè mọ ojú drọ́ọ̀mù.

Ìgbà ìkẹyìn tí wọ́n tú ọkọ̀ náà, dírẹ́bà mi wà níbẹ̀, òun ló wà á wá. Bàbá gbé láínì àtijọ́ sí ojú oòrùn. Ojú rẹ̀ ń dán gbinrin bí àwo tánganran. Wọ́n na ìka sí inú drọ́ọ̀mù, àwọn ibì kan níbẹ̀ ti di aró, ojú irin tó ti gbóná kọjá àlà. Wọn ò bi wá ní ìbéèrè kankan. Wọ́n kàn ní, “Ẹni tó ń wa ọkọ̀ yìí ń fi fírì sọ̀ òkè.” Dírẹ́bà mi bẹ̀rẹ̀ sí í wá sípánà tí kò sọnù.

Ẹni tó bá mọ mọ́tò mọ òfin àtijọ́ yẹn: gía tí ẹ máa fi gun òkè kan ni kí ẹ fi sọ̀ ọ́. Ẹ́ńjìnnì á di ọkọ̀ mú, bíréèkì á máa sinmi. Bí ó bá wà ní fírì, tí kò sí gía kankan níbẹ̀, kò sí ẹni tó ń di ọkọ̀ mú àfi láínì. Mo mọ̀ pé ó mọ òfin náà, bàbá mi ló kọ́ ọ. Nígbà tí Bàbá lọ jẹun ni mo wá bi í. Ó kọ́kọ́ ní kò rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, “Àǹtí, ẹ má bínú, dísẹ́ẹ̀lì ni.”

Báyìí ni ètò náà ṣe rí láti ìgbà bàbá mi: a máa ń fún dírẹ́bà ní iye kan fún dísẹ́ẹ̀lì ìrìn kan, èyí tó bá ṣẹ́kù, tirẹ̀ ni. Gbogbo onímọ́tò tí mo mọ̀ ló ń ṣe é, ó sì jọ ohun tó bọ́gbọ́n mu, kò ní jẹ́ kó ta epo. Ohun tó ń ṣe ní tòótọ́ ni pé ó ń san owó fún dírẹ́bà fún gbogbo ìdagẹ̀rẹ́ tó bá fi fírì sọ̀. Mo ń fi ọwọ́ kan ra láínì, mo ń fi èkejì sanwó fún ẹni tó ń sun ún.

Èyí tó tún wá burú níbẹ̀ ni pé èrè tó rò pé òun ń jẹ kò tó nǹkan. Ní ìdagẹ̀rẹ́ gidi, bí gía bá wà níbẹ̀, tó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tòróòtù, pọ́ǹpù á fẹ́rẹ̀ẹ́ dá dísẹ́ẹ̀lì dúró pátápátá, nítorí táyà ló ń yí ẹ́ńjìnnì lásìkò yẹn. Fírì ló ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa mu epo kó má baà kú. Mo ṣàlàyé èyí fún un, mo fi ìka yàwòrán rẹ̀ sínú eruku. Ó ní òun gbọ́. Kò gbà mí gbọ́ rárá, mo rí i lójú rẹ̀.

Nítorí náà mo yí ètò padà. Dísẹ́ẹ̀lì ti di tèmi báyìí, èmi ni mò ń kún táǹkì, èmi náà ni mò ń wọ̀n ọ́n nígbà tó bá dé. Owó tó ń ṣẹ́ kù sí i lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀, mo ti fi kún owó ìrìn rẹ̀. Mo sì ṣèlérí iye kan fún un ní gbogbo ìgbà tí a bá tú drọ́ọ̀mù tí Bàbá bá wò ó, tí wọn ò bá rí aró kankan nínú rẹ̀. Àwọn onímọ́tò ẹgbẹ́ mi ní mo ti ba ọjà jẹ́, pé dírẹ́bà tiwọn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè. Dírẹ́bà mi ní tirẹ̀ ní iye tí mo dá kéré, pé ìdagẹ̀rẹ́ tó wà láàárín Oǹdó sí Ìbàdàn pọ̀ ju iye yẹn lọ. A ṣì ń nájà rẹ̀.